Ibo Ni Fóòmù Náà Ń Gbà Lọ? Àlàyé Lórí Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Fóòmù Da Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n ń fi fóòmù da blọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì ọkọ̀ máa ń rò pé irọ́ ni. Fóòmù funfun yẹn, èyí tí wọ́n máa ń fi há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí kó má baà fọ́, iná ìṣáná lásán lè jẹ ẹ́ tán. Alumíníọ̀mù kò sì ní yọ́ títí ooru rẹ̀ á fi dé 660°C. Ti irin dúdú tí wọ́n fi ń ṣe blọ́ọ̀kù ọkọ̀ àtijọ́ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi 1,400°C ni wọ́n ti ń dà á. Báwo ni ohun tí ìṣáná lè jẹ ṣe wá fẹ́ fún irin tó gbóná tó báyẹn ní ìrísí?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò ni pé wọ́n á kọ́kọ́ sun fóòmù náà dànù, ihò á ṣẹ́ kù, wọ́n á wá da irin sínú ihò yẹn. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Kò sí ìgbà kankan tí ihò máa ń ṣófo nínú iṣẹ́ yìí. Fóòmù ṣì wà níbẹ̀ digbí nígbà tí irin yíyọ́ bá ń wọlé. Irin yẹn fúnra rẹ̀ ló ń lé e kúrò díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń lé e ló ń gba àyè rẹ̀. Ohun tó ń mú kí blọ́ọ̀kù kan dára kí òmíràn sì máa jo omi kò ju ìbéèrè kan lọ: nígbà tí irin lé fóòmù, ibo ni fóòmù gbà lọ?

Kí n tètè sọ ọ́ pé kì í ṣe fóòmù bẹ́ẹ̀dì là ń sọ. Ti bẹ́ẹ̀dì rọ̀, ó ń fà, bó bá sì jóná, májèlé cyanide wà nínú èéfín rẹ̀. Èyí tí à ń sọ ni polystyrene, èyí tó ń dún kẹ́kẹ́ bí èèyàn bá fọwọ́ pa á, tó sì ń ya sí hóró kéékèèké bí a bá ṣẹ́ ẹ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà da irin pọ̀, ó sì dáa ká mọ méjì tó ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́, torí àwọn ló máa jẹ́ kí èyí yé wa. Àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ ní 1938, ìda ni wọ́n fi ṣe àwòṣe wọn. Asúde á fi ìda mọ orí náà sára amọ̀, á tún fi amọ̀ bo ìda náà, á wá fi iná yọ́ ọ kó ṣàn jáde. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni yóò tó da idẹ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ìda ti jáde tán pátápátá kí idẹ tó wọlé. Ohun tí iṣẹ́ fóòmù fi jọ ọ́ ni pé àwòṣe kan kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó fi yàtọ̀ sí i ni pé fóòmù kì í ráyè jáde kí irin tó dé bá a.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tó ń da ìkòkò alumíníọ̀mù. Wọ́n á fi yanrìn tó lọ́rinrin di ìkòkò kan tó ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á la yanrìn náà sí méjì, wọ́n á rọra yọ ìkòkò kúrò, wọ́n á tún yanrìn dé padà, wọ́n á sì da alumíníọ̀mù sí àlàfo tó kù. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ó sì yá. Àmọ́ dandan ni kí àwòṣe náà ṣeé fà yọ láìba yanrìn jẹ́. Ìkòkò ṣeé fà yọ torí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kò sì ní kọ́rọ́ kankan nínú. Ẹ́ńjìnì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo tọ́ọ̀pù sílíńdà kan, ìyẹn irin tó bo orí blọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì, tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ẹ ki ìka bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò omi tó wà létí rẹ̀. Ìka yín kò ní dé òpin rẹ̀, torí pé ihò náà wọ́: ó yí ká ibi tí epo ti ń jó, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń de pílọ́ọ̀gì mọ́, ó kọjá lábẹ́ ihò tí èéfín ń gbà jáde, kó tó yọ lódìkejì. Ihò ọ́ìlì wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé náà tẹ̀ kọrọdọ. Kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ igi sí irú ìrísí bẹ́ẹ̀ kó sì fà á yọ nínú yanrìn.

Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé wọ́n ń fi yanrìn tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù mọ ìrísí ihò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á gbé e sí àárín mọ́ọ̀dù, irin á ṣàn yí i ká, bó bá sì tutù tán, wọ́n á fọ́ yanrìn náà túútúú kó lè jáde. Core ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Tọ́ọ̀pù sílíńdà kan lè gba core mélòó kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jókòó síra wọn láìyẹ̀. Bí ọ̀kan bá fi mìlímítà méjì yẹ̀, ògiri ihò omi á fẹ́lẹ́ níhà kan, á ki níhà kejì, ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn ló sì máa kọ́kọ́ sán lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì bá gbóná jù.

Fóòmù kò nílò kí ẹnikẹ́ni fà á yọ. Ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ẹ́ńjìnì nìyẹn. Ihò tó bá ti wà nínú fóòmù máa wà nínú irin, ì báà wọ́ bí ó ṣe wù ú.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù náà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Hóró polystyrene tí kò tó mìlímítà kan ni wọ́n ń rà wá, gáàsì díẹ̀ sì wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Bí oru omi gbígbóná bá kàn án, gáàsì yẹn á fẹ̀, hóró náà á sì wú. Wọ́n á fẹ́ àwọn hóró tó ti wú náà sínú mọ́ọ̀dù alumíníọ̀mù, wọ́n á tún fi oru omi sí i, àwọn hóró á tún wú sí i débi pé wọ́n á há mọ́ra wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Wọ́n á wọ́n omi tutù sí mọ́ọ̀dù náà, wọ́n á ṣí i, fóòmù á jáde.

Ẹni tó bá ń fọkàn bá mi lọ á ti rí ìṣòro kan. Fóòmù náà inú mọ́ọ̀dù ló ti jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fà á yọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ́rọ́ tí a rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tún ti dé. Bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n á pín àwòṣe fóòmù tọ́ọ̀pù sílíńdà náà sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì. Pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan ní mọ́ọ̀dù tirẹ̀, torí pé bí a bá gé ihò tó wọ́ sí pẹlẹbẹ, ìdajì rẹ̀ á wà lókè èyí, ìdajì á wà nísàlẹ̀ ìyẹn, méjèèjì á sì ṣí sílẹ̀ gbangba. Bí wọ́n bá ti ṣe gbogbo wọn tán, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ̀rọ ló sábà máa ń fi gọ́ọ̀mù náà sí i, torí kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Gọ́ọ̀mù ki ju fóòmù lọ, ibi tó bá sì ti pọ̀, irin á níṣẹ́ púpọ̀ láti lé kúrò níbẹ̀.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ṣe fóòmù náà kó tóbi díẹ̀ ju blọ́ọ̀kù tí wọ́n fẹ́. Alumíníọ̀mù máa ń súnkì bó bá ń tutù, nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún lórí ohun tó gùn ní 400 mìlímítà. Fóòmù fúnra rẹ̀ náà ń súnkì fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde nínú mọ́ọ̀dù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ kó fara balẹ̀ kí wọ́n tó lò ó.

Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú fóòmù yìí. Kúbíìkì mítà kan rẹ̀ kò wọ̀n ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 20 lọ, nígbà tí ti alumíníọ̀mù jẹ́ 2,700. Tí a bá ṣírò rẹ̀, blọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù tó wọ̀n tó kìlógíráàmù 20, fóòmù tó dúró fún un kò ju gíráàmù 150 lọ. Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gíráàmù 150 yẹn, ike ni, kò sì lè di asán. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí irin á fi kún mọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti rí ọ̀nà jáde.

Ọ̀nà tó ń gbà jáde ni ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun fóòmù náà. Òkúta tí wọ́n lọ̀ kúná ni, tí wọ́n pò mọ́ amọ̀, omi àti ohun tó ń mú un lẹ̀. Wọ́n á rì fóòmù bọ inú rẹ̀ títí ọ̀dà á fi wọ gbogbo kọ́lọ́fín ihò omi, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí èyí tó pọ̀ jù lè ro dànù, wọ́n á sì gbé e sí yàrá tó móoru, àmọ́ tí ooru ibẹ̀ kò tó èyí tó lè ba fóòmù jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá. Ọ̀dà yìí kò sábà nípọn ju mìlímítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ òun ni mo ka sí ọkàn iṣẹ́ náà. Ó ń dí irin lọ́wọ́ kó má baà wọ inú yanrìn. Ó sì tún ń jẹ́ kí gáàsì àti ike yíyọ́ gba ara rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ méjì tó takora ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Bó bá dí jù, gáàsì á há sínú, irin kò ní lè dé ibi gbogbo. Bó bá là jù, irin á sáré kọjá bó ṣe yẹ, á ká ike mọ́ inú ara rẹ̀, ibòmíràn á sì ya wọ inú yanrìn.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbé fóòmù tí wọ́n kùn náà sínú àpótí irin, wọ́n á máa da yanrìn sí i. Yanrìn gbígbẹ lásán ni. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, kò sí amọ̀, kò sí omi. Bí wọ́n ṣe ń dà á ni ẹ̀rọ ń gbọn àpótí náà jìgìjìgì, kí yanrìn lè ṣàn wọ inú ihò omi àti abẹ́ gbogbo ibi tó bá yọ sóde, kó sì kì mọ́ra. Bí ibì kan bá ṣófo, bóyá nínú kọ́rọ́ ihò omi, irin máa rí àyè yẹn, á sì kún un. Ihò tó yẹ kí omi gbà kọjá á wá di odidi irin.

Nísinsìnyí, irin dé. Ẹ jẹ́ ká wo ojú ibi tí òun àti fóòmù ti ń pàdé, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Fóòmù kì í dúró de kí irin fara kàn án. Bí ooru bá ti kọjá 100°C díẹ̀ báyìí, ó ti ń rọ̀, ó ti ń wó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ti ń sá. Àlàfo tóóró kan á wà láàárín irin àti fóòmù, gáàsì ló sì kún inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù ni wọ́n ń dà, èyí tó pọ̀ jù nínú ike náà á di olómi, á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ọ̀dà á sì fà á mu. Èyí tó kù á di gáàsì, á gba ara ọ̀dà kọjá bọ́ sínú yanrìn. Bó bá jẹ́ irin dúdú, ooru rẹ̀ pọ̀ débi pé púpọ̀ nínú ike náà á di gáàsì. Ohun tó ń ṣe ní tọ̀túntòsì àpótí kan náà lè yàtọ̀, torí pé bí fóòmù bá ki níbì kan ju ibòmíràn lọ, irin á falẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè jù lẹ́yìn èyí ni pé kí ló dé tí yanrìn gbígbẹ yẹn kò dà wó. Ohun tó ń gbé e dúró ń yí padà ni. Kí irin tó dé, fóòmù ló gbé e dúró. Nígbà tí fóòmù bá ń lọ, ọ̀dà tó ti le àti gáàsì tó ń tì í láti inú àlàfo ló ń dì í mú fún ìwọ̀nba àkókò kúkúrú náà. Bí irin bá ti dé, òun ló gbà á. Ìdí rèé tí ẹni tó ń da irin kò gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ dúró láàárín. Bó bá dá ọwọ́ dúró, àlàfo á fẹ̀, ọ̀dà nìkan á kù tó ń gbé yanrìn, á sì wó. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú yanrìn jáde, èyí tó ń jẹ́ kí yanrìn dì gan-an, tó sì ń ran gáàsì lọ́wọ́ láti jáde.

Bí ike kò bá rí ọ̀nà gbà, àbùkù rẹ̀ yàtọ̀ láti irin sí irin. Nínú alumíníọ̀mù, èyí tó burú jù ni ibi tí irin méjì tó ń ṣàn bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti pàdé, tí ike sì wà láàárín wọn. Wọ́n fara kanra, wọn kò lẹ̀ mọ́ra. Ojú lè má rí i. Bí wọ́n bá de tọ́ọ̀pù sílíńdà náà mọ́ ọkọ̀, tí omi inú rẹ̀ gbóná, tó sì ń tì, á máa jo níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ti afẹ́fẹ́ sínú àwọn ihò rẹ̀ níléeṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ń jo kó tó jáde. (Mi ò sọ pé gbogbo tọ́ọ̀pù sílíńdà tó bá ń jo ló ti ní àbùkù látìgbà tí wọ́n dà á o. Èyí tó pọ̀ jù lójú títì, ọkọ̀ tí omi tán nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń wà ni.) Nínú irin dúdú, èédú inú ike ló ń dá wàhálà sílẹ̀: á bo ara irin ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dúdú tó ń dán, ara irin náà á sì hunjọ. Ti irin steel tó yẹ kí èédú inú rẹ̀ kéré tún le jù, torí pé ó lè fa èédú náà mu kó sì yí padà di irin mìíràn. Wọ́n ṣe irú fóòmù mìíràn tó ń jẹ́ PMMA nítorí èyí, èédú tó ń fi sílẹ̀ kéré sí ti polystyrene.

Harold Shroyer, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ (patent) lórí ọ̀nà yìí ní 1958, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ohun téèyàn ṣàwárí láìgba ìyọ̀ǹda. Yanrìn tó dì mọ́ra ni òun lò. Iṣẹ́ ńláńlá tí wọn kò ní ṣe ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i lò fún dáadáa, bíi àwọn mọ́ọ̀dù irin gìrìwò tí wọ́n fi ń tẹ páànù ara ọkọ̀. Yanrìn gbígbẹ tí kò ní gọ́ọ̀mù wọlé ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tí àkókò ìwé àṣẹ lórí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí tán ní àwọn ọdún 1980, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ dà sí i. General Motors kọ́ iléeṣẹ́ Saturn sí Spring Hill ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní 1990, fóòmù ni wọ́n sì fi da blọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan náà tún lò ó fún ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà 4.2, tó wà nínú Chevrolet TrailBlazer ti 2002. Ní Landshut ní Jámánì, BMW lò ó fún tọ́ọ̀pù sílíńdà.

Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló gbà á, mo sì rò pé ìdí wọn tọ́. Mọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan wọ́n, fóòmù kì í pẹ́ tẹ̀ bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, irin sì máa ń pẹ́ kó tó tutù nínú yanrìn gbígbẹ, èyí tó lè dín agbára alumíníọ̀mù kù. Fún blọ́ọ̀kù tí ihò inú rẹ̀ kò lọ́jú, ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti alumíníọ̀mù sínú mọ́ọ̀dù irin yá jù ú lọ fíìfíì. Ibi tí fóòmù ti níyì ni ibi tí ihò bá ti pọ̀ tó sì wọ́.

Ó dá mi lójú pé wẹ́dà tàbí ẹni tó ń da ìkòkò tó bá ka èyí á fẹ́ dán an wò, ó sì ṣeé ṣe. Wáyà tí iná mànàmáná mú gbóná ń gé fóòmù dáadáa. Pístọ̀n àti tọ́ọ̀pù sílíńdà àlòkù dára láti yọ́ ju agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ, torí pé silicon tó wà nínú wọn ń jẹ́ kí alumíníọ̀mù ṣàn wọ ibi tóóró. Àmọ́ ẹ ṣe é ní gbangba, kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn yín: èéfín polystyrene ní styrene àti benzene nínú, benzene sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Yanrìn yín gbọ́dọ̀ gbẹ, ọ̀dà náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Omi tí irin yíyọ́ bá bá lábẹ́ ara rẹ̀ ń fẹ̀ ju ìlọ́po 1,000 lọ lójú ẹsẹ̀, á sì fọ́n irin náà sí ojú ẹni tó ń dà á. Ohun tí ẹ bá sì dà, kó jẹ́ ọwọ́ ìdímú, tàbí ìdérí, tàbí ohun tí wọ́n fi ń gbé ọtanétọ̀ (alternator) dúró. Ẹ má fi da ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ bíréèkì tàbí ohun tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Ẹ kò ní ẹ̀rọ tó lè fi inú rẹ̀ hàn yín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fóòmù ni wọ́n fi da ẹ́ńjìnì tó wà níwájú yín, ẹ wo ara rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ kò ti ha á dán. Ẹ máa rí àmì róbóróbó kéékèèké lára irin náà, ojú hóró fóòmù ni, ọ̀dà gbà á, irin sì gbà á lára ọ̀dà. Ẹ tún lè rí ìlà tín-ín-rín kan tó yọ sóde, tó yí blọ́ọ̀kù náà ká ní tààrà. Ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ pẹlẹbẹ méjì pọ̀ nìyẹn. Kò sán, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín láti jó o pọ̀.